Bí mo ṣe fún ọmọ mi ní áyọ́ọ̀nù nígbà tó ń mu ọmú nìkan

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin, ara rẹ̀ ń dán, ọmú nìkan ló sì ń mu. Àyà mi já nígbà tí dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) olómi. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmú mi ni kò dára tó?” Wọ́n ní ó dára. Inú oyún ni ọmọ ti ń kó áyọ́ọ̀nù pamọ́, òun ló sì máa ń ná fún bí oṣù 4 sí 6. Èyí tó wà nínú ọmú máa ń wọ ara ọmọ dáadáa, àmọ́ kò tó mílígíráàmù 1 nínú lítà kan.

Láti 2010 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa gba mílígíráàmù 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láti oṣù 4 títí yóò fi máa jẹ oúnjẹ tó ní áyọ́ọ̀nù. Àwọn dókítà kan níbòmíràn kì í fún gbogbo ọmọ. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i yàtọ̀ pátápátá.

Ìṣirò ló fún mi ní iṣẹ́ jù. Kílò 6.5 ni ọmọ mi, mílígíráàmù 6.5 ló yẹ kó gbà. Ara páálí oògùn ní mílílítà 1 ní ferrous sulfate (èròjà tí áyọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀) mílígíráàmù 75. Mo fi 75 pín 6.5, ó já sí mílílítà 0.09, ìwọ̀n tí mi ò lè fojú rí dáadáa lára síríǹjì. Ìgbà yẹn ni mo rí lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀: áyọ́ọ̀nù, mílígíráàmù 15. Òun ni áyọ́ọ̀nù gan-an! Ká ní mo ti fún un bẹ́ẹ̀ ni, ìdá kan péré nínú márùn-ún ohun tó yẹ ni ì bá máa gbà. Mo pe apoògùn, wọ́n bá mi ṣe é, wọ́n ní kí n fún un ní mílílítà 0.4. Ẹ jọ̀wọ́, oògùn kan kò le bí èkejì, ẹ má fi ìwọ̀n ìgò kan lo òmíràn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kán an sórí ahọ́n, ó tu gbogbo rẹ̀ sí mi lára; àbàwọ́n rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ títí dòní. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e jókòó, mo ki ẹnu síríǹjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e mì.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé áyọ́ọ̀nù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo pè wọ́n.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni mo ń tọ́jú ìgò náà sí nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí áyọ́ọ̀nù tó pọ̀ jù lè pa ọmọdé. Nígbà tó wọn kílò 7.2, a sọ ọ́ di mílílítà 0.5. Ó pé oṣù mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran lílọ̀ àti ẹ̀wà. Nígbà tó ń jẹ wọ́n dáadáa, dókítà ní kí n dá oògùn náà dúró. Mo kó èyí tó ṣẹ́kù padà fún apoògùn.