Odi Portobelo àti San Lorenzo ní Pánámà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Orúkọ kan ṣoṣo ni àjọ UNESCO fi àwọn odi etí òkun méjèèjì yìí, tí àwọn ará Sípéènì kọ́, sí nígbà tí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1980: Portobelo-San Lorenzo. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rò pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, pé òun á wo ọ̀kan láàárọ̀, òun á rìn dé èkejì lọ́sàn-án. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú Colón ló wà láàárín wọn. Portobelo wà níhà ìlà-oòrùn, San Lorenzo wà níhà ìwọ̀-oòrùn, ní òdìkejì kànáàlì Pánámà, lórí àpáta tó ga lókè ẹnu odò Chagres. Bọ́ọ̀sì ń dé Portobelo, ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀sì èrò tó ń dé odi San Lorenzo. Ẹ máa háyà ọkọ̀ ni, kí ẹ gba orí Afárá Atlantic tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019 kọjá. Ẹ ya ọjọ́ ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Panama City náà sábà máa ń wọ inú Colón lọ kó tó wá ọkọ̀ Portobelo. Ẹ sọ̀ ní Sabanitas kí ẹ tó dé Colón, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí bọ́ọ̀sì Portobelo. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná, àmọ́ ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání.

Àṣìṣe tó burú jù nínú ìtàn ni ti Henry Morgan, ajagun-kólé ojú omi tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn èèyàn bá ti rí àwọn àgbá tó ti dípẹtà ní San Jerónimo, ọ̀kan nínú àwọn odi tó wà ní Portobelo, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ni wọ́n yìn lu Morgan. Ọdún 1668 ni Morgan kó Portobelo. Ní 1739, Edward Vernon, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ ogun mẹ́fà wọ èbúté náà, ó gba ìlú, ó sì fọ́ àwọn odi. Lẹ́yìn Vernon ni wọ́n tún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ẹ ń rí lónìí kọ́, láàárín ọdún 1750 sí 1760. Ẹ wo bí àwọn ògiri náà ṣe kúrú, tí wọ́n sì sún mọ́ omi pẹ́kípẹ́kí. Odi gíga ayé àtijọ́ ti di ohun tí àgbá inú ọkọ̀ ń rí fọ́ láti ọ̀nà jíjìn. San Lorenzo náà rí bẹ́ẹ̀: Vernon fọ́ ọ ní 1740, wọ́n sì tún un kọ́.

Morgan ò tilẹ̀ gba iwájú àwọn àgbá wọlé. Ó fi ọkọ̀ ńláńlá sílẹ̀ lókèèrè, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ kéékèèké lóru, wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn ja ìlú láti orí ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo òkun nìkan. Ẹ yíjú sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Portobello Road ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́gun Vernon yìí ni wọ́n fi sọ oko kan lórúkọ níbẹ̀, kí títì náà tó jogún orúkọ ọ̀hún.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun ògiri, ẹ má sì jókòó sórí àgbá ya fọ́tò. Òkúta iyùn tí wọ́n gé láti inú òkun ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó wà ní Portobelo. Tí ẹ bá fi ojú sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ihò róbótó-róbótó bí afárá oyin, níbi tí àwọn ẹran omi ti gbé rí. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ń mu omi. Òjò àti ìfófòó òkun á kó iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, iyọ̀ náà á dì lẹ́yìn ojú òkúta, á máa tì í síta títí á fi máa bó léèpo léèpo. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè ti bó tán nínú.

Ìdí nìyí tí fífi sìmẹ́ǹtì dí ibi tó ti ya fi ń ba odi jẹ́ ju òjò lọ. Sìmẹ́ǹtì le ju òkúta iyùn lọ, kì í sì í jẹ́ kí omi rọ́nà jáde. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, òkúta á jẹrà, sìmẹ́ǹtì á wá já bọ́ pẹ̀lú ojú òkúta náà lára. Ẹfun jíjó tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn, irú èyí tí àwọn tó kọ́ ọ lò, ló bá a mu. Ẹ má fa igi tó hù lára ògiri tu: gbòǹgbò rẹ̀ ti di òkúta mú, bó bá jáde, òkúta á tẹ̀ lé e. Ńṣe ni wọ́n ń gé e ní ìdí, tí wọ́n á jẹ́ kí gbòǹgbò kú sínú. Àìtọ́jú àti bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe ń ba odi jẹ́ wà lára ohun tó mú kí UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu lọ́dún 2012.

Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, torí èéhù tútù ń yọ̀. Ní San Lorenzo, ẹ jìnnà sí etí àpáta. Oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni ilẹ̀ máa ń gbẹ jù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo San Jerónimo, wọ́n á kọrí sílé. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni lọ sí San Fernando, odi mìíràn lódìkejì èbúté Portobelo: ẹ dúnàá-dúrà àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ gòkè dé ilé kékeré tó wà lórí òkè náà, ibẹ̀ ni gbogbo èbúté ti hàn kedere.

Bó bá jẹ́ odi lẹ fẹ́ wò, ẹ má lọ sí Portobelo ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Kristi Dúdú ni, ìyẹn ère Jésù aláwọ̀ dúdú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń wá san ẹ̀jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì San Felipe, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ẹ̀wù elésè-àlùkò, àwọn kan á sì máa rákò lórí títì. Ẹ má gbé kámẹ́rà sí wọn lójú láìtọrọ àyè.

Ẹ má sì kọjá níwájú Aduana, ilé aṣọ́bodè tí wọ́n kọ́ ní 1630, bí ẹni pé fàdákà Perú tí wọ́n ń kó lọ sí Sípéènì nìkan ló gba ìlú yìí kọjá. Wọ́n ta àwọn èèyàn ilẹ̀ Áfíríkà níbí pẹ̀lú. Àwọn tó sá wọ igbó ni àwọn ọmọ ìran Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Congo ní ìlú náà ń rántí nínú eré wọn, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé lọ́dún 2018: wọ́n á yí aṣọ sódì, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ sódì. Nígbà Kànífà, wọ́n lè fi okùn ká yín mọ́, kí wọ́n ní kí ẹ ra ara yín padà. Ẹ má bínú, ẹ má sì sá. Ẹ fún wọn ní owó wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ mú dání, wọ́n á tú yín sílẹ̀.