Ẹ wo ọ̀nà ìsanwó kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì
Ẹ̀yin oníṣòwò wa l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó oṣù fún ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì kankan títí ẹ ó fi rí i pé oníbàárà lè fi MoMo tàbí Moov Money, ìyẹn owó orí fóònù, sanwó níbẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ẹwà ojú ìwé lọ. Shopify, iléeṣẹ́ tí èèyàn lè ṣí ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì sí, dára púpọ̀, àmọ́ Shopify Payments, ìyẹn ètò ìgbowó tiwọn fúnra wọn, kò sí lọ́dọ̀ wa. Lórí ètò Basic, ọ̀kan lára àwọn ètò tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, tí ẹ bá gbowó nípasẹ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, Shopify á yọ 2% sí i. Aṣọ 10,000 fáránkì, 200 ti lọ nìyẹn, yàtọ̀ sí èyí tí iléeṣẹ́ tó gbowó náà máa yọ. Ní àkókò ìdánwò ọ̀fẹ́, ẹ wọ ibi ètò ìsanwó, ẹ yan orílẹ̀-èdè Benin, kí ẹ wo ohun tó jáde. Tí MoMo ò bá sí níbẹ̀, ẹ wá ibòmíì. Bó bá jẹ́ òkè òkun ni àwọn oníbàárà yín wà, tí káàdì ni wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.