Bí A Ṣe Ń Fi Èròjà Kẹ́míkà Mọ Ohun tí Schist àti Gneiss Ìwọ̀-Oòrùn Kogi Jẹ́ Tẹ́lẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn òkúta tí ó wà láti Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú ní Yàgbà títí dé Kàbbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni ooru àti ìfúnpá abẹ́ ilẹ̀ ti yí padà, èyí tí ó lágbára jù tí ó sì kẹ́yìn nínú ìyípadà náà sì wáyé ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi rí, àwọn kan jẹ́ yanrìn, àwọn kan jẹ́ òkúta ẹfun, àwọn mìíràn sì ti ipò yíyọ́ dì láìfi ìgbà kan jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí a bá sun ìkòkò nínú iná, àwọ̀ amọ̀ yóò yí, yóò sì le, ṣùgbọ́n irin àti alumina tí ó wà nínú amọ̀ náà kò lọ síbì kankan. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé dúró lé. Nínú àlàyé yìí, ohun tí omi tàbí afẹ́fẹ́ kó jọ ni a ó máa pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, èyí tí ó ti ipò yíyọ́ dì ni a ó sì máa pè ní òkúta oníná. Schist ni òkúta tí ó yí padà tí ó sì máa ń ya ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ; gneiss ni èyí tí hóró rẹ̀ tóbi jù, tí ó ní ìlà dúdú àti funfun.

Inú ìgbẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ẹ̀rùn ló dára jù, nítorí pé koríko ti gbẹ, omi odò ti fà, àwọn òkúta ìsàlẹ̀ odò á sì yọ síta. Kí ẹ tó wọ oko olóko, ìbáà jẹ́ oko iṣu tàbí oko kajú, ẹ lọ kí olórí ìlú àti àwọn àgbà ní “Òkun o” gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè òkè tí a kì í fi òòlù kàn. Àwọn àgbà yìí kan náà sábà máa ń mọ ibi tí òkúta ti yọ síta dáadáa ju máàpù lọ.

Bí àwọn òkúta náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí schist bá ń pààrọ̀ ìpele pẹ̀lú quartzite (yanrìn tí ó yí padà), tí mábù (òkúta ẹfun tí ó yí padà) sì wà nítòsí, ẹ̀rí tó lágbára ni pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n. Bí gneiss bá la àwọn ìpele mìíràn kọjá, tàbí tí ó gbé ègé òkúta àjèjì sínú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oníná. Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kí òòlù tó balẹ̀, nítorí kò sí nọ́ńbà tí yóò sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá gé òkúta. Ẹ bó èèpo tí ó ti jẹrà dànù, kí ẹ má sì mú ohun tí ó ti ń di yangí, nítorí pé òjò ti fọ Na (sodium) àti Ca (calcium) inú rẹ̀ lọ. Níbi tí gneiss ti yọ́ díẹ̀ tí ó sì ní àwọn ìlà funfun bíi granite, ẹ yẹra fún ìlà funfun náà. Ẹ̀gbẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀: pegmatite (òkúta oníná tí hóró rẹ̀ tóbi gan-an) pọ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń wa tantalite (òkúta tí tantalum wà nínú rẹ̀) lára rẹ̀, omi gbígbóná tí ó sì ti ara pegmatite jáde máa ń da K (potassium), Rb (rubidium), Cs (cesium) àti Li (lithium) sínú schist tí ó yí i ká. Schist tí ó kún fún mica ńláńlá tàbí tourmaline létí pegmatite kò lè sọ òtítọ́ nípa ẹrẹ̀ tí a fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò góòlù ní Ìsánlú. Kílò kan sí méjì tó fún schist tí hóró rẹ̀ kéré. Gneiss tí hóró rẹ̀ tóbi nílò kílò mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí pé hóró garnet kan tàbí méjì péré lè yí iye èròjà ègé kékeré padà.

Nínú yàrá ìdánwò, ẹ béèrè irú ọlọ tí wọ́n fi ń lọ òkúta. Ọlọ tungsten carbide máa ń da W (tungsten) àti Co (cobalt) sínú lẹ́búlẹ́bú náà, ó sì lè da Ta (tantalum) pẹ̀lú. Ọlọ agate sàn jù. Ẹ̀rọ XRF, tí ń lo ìtànṣán X, ló ń ka àwọn èròjà ńlá tí ó pọ̀ nínú òkúta, ẹ̀rọ ICP-MS sì ń ka àwọn kéékèèké tí kò tó nǹkan. Fún ICP-MS, ẹ ní kí wọ́n fi lithium metaborate yọ́ lẹ́búlẹ́bú náà kí wọ́n tó fi ásíìdì pò ó, nítorí pé ásíìdì inú àwo tí kò ní ìdérí kì í sábà yọ́ zircon (hóró líle tí zirconium wà nínú rẹ̀) tán, nígbà náà Zr (zirconium) àti Hf (hafnium) yóò kéré sí bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ẹ fi òkúta tí a ti mọ iye èròjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún tiyín, kí ẹ sì fi ègé kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí èsì bá dé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń sáré lọ sórí gíráàfù tí ń sọ irú ilẹ̀ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti wá, láì tíì fi hàn pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni òkúta náà. Nọ́ńbà èyíkéyìí ni gíráàfù máa ń gbà. Granite pàápàá yóò rí ibi jókòó sí lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí: ṣé oníná ni tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀?

Fún gneiss àti schist tí quartz àti feldspar (àwọn hóró tí ó pọ̀ jù nínú granite) pọ̀ nínú wọn, ìṣirò DF (iye tí ń ya oníná sọ́tọ̀ kúrò lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀) tí onímọ̀ Shaw gbé jáde ní 1972 ṣì wúlò: DF = 10.44 − 0.21SiO2 − 0.32Fe2O3 − 0.98MgO + 0.55CaO + 1.46Na2O + 0.54K2O, níbi tí Fe2O3 ti dúró fún gbogbo irin inú òkúta náà. Bí DF bá ju òdo lọ, oníná ni ó jọ. Bí ó bá kéré sí òdo, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ó jọ. Ẹ jẹ́ kí a mú schist kan fún àpẹẹrẹ, tí SiO2 rẹ̀ jẹ́ 62, Al2O3 16, Fe2O3 7, MgO 2.5, CaO 1, Na2O 1.2, K2O 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún: DF rẹ̀ jẹ́ −3.13. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé Na àti K, tí omi gbígbóná ń gbé kiri, wà nínú ìṣirò náà, àti pé yanrìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kúrò lára granite tí kò tíì rìn jìnnà lè fún wa ní iye kan náà pẹ̀lú granite tí ó bí i. Ẹ̀rí kan ni DF, kì í ṣe ìdájọ́.

Amphibolite, òkúta dúdú tí ó yí padà, ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, ó sì wà láàárín àwọn schist Ìsánlú. Ó lè jẹ́ òkúta oníná dúdú tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ àdàlù amọ̀ àti ẹfun. Ọ̀nà tí onímọ̀ Leake fi hàn ní 1964 ni kí a má ṣe gbé ìdájọ́ ka orí ègé kan ṣoṣo. Ẹ kó ègé púpọ̀ jọ láti ibì kan náà, kí ẹ ṣírò iye mg ti Niggli (ìpín magnesium nínú àpapọ̀ magnesium, irin àti manganese) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ibi tí èròjà yòókù ń darí sí. Nínú òkúta oníná, bí mg bá ń pọ̀, Cr (chromium) àti Ni (nickel) yóò máa pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, Ti (titanium) yóò sì máa dínkù. Àdàlù amọ̀ àti ẹfun kì í tẹ̀lé ìlànà yẹn. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí ju gbogbo gíráàfù tí ń lo ègé kan lọ.

Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti dájú, ẹ wá béèrè bóyá ẹrẹ̀ ni tàbí yanrìn. Gíráàfù Herron ti 1988 ń fi lọ́gì SiO2/Al2O3 àti lọ́gì Fe2O3/K2O ṣe èyí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni CIA (Chemical Index of Alteration, ìwọ̀n ìjẹrà) ti Nesbitt àti Young, tí wọ́n gbé jáde ní 1982, tí ń sọ bí òkúta ìpìlẹ̀ ṣe jẹrà tó kí omi tó kó o lọ: ẹ fi àpapọ̀ Al2O3, CaO, Na2O àti K2O pín Al2O3, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Iye móólù ni a ń lò, kì í ṣe ìwọ̀n, CaO tí ó wà nínú ẹfun tàbí apatite (hóró tí ó ní calcium àti phosphorus) kò sì sí lára rẹ̀. Granite tí kò jẹrà wà ní nǹkan bí 50, ẹrẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ wà láàárín 70 sí 75, kaolinite (amọ̀ funfun) sì jẹ́ 100. Schist àpẹẹrẹ wa jẹ́ 68. Bí pegmatite bá ti da K sínú rẹ̀, CIA yóò wálẹ̀ lọ́nà ẹ̀tàn. Gíráàfù A-CN-K, oníigun mẹ́ta tí Al2O3, CaO pẹ̀lú Na2O, àti K2O wà ní igun rẹ̀, yóò tú àṣírí náà, nítorí pé àwọn ègé náà yóò yà síhà K.

Níbi ìbéèrè orísun gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni èròjà tí kì í ṣí nípò ti níye lórí jù: Al (aluminium), Ti, Zr, Th (thorium), Sc (scandium), àti àwọn ọmọ ìdílé La (lanthanum). Th/Sc ti awọ òkè ilẹ̀ ayé jẹ́ bíi 1, ti òkúta dúdú onírin àti Mg púpọ̀ sì kéré sí i gidigidi. Al2O3/TiO2 tí ó ju 21 lọ ń tọ́ka sí orísun bíi granite, èyí tí kò tó 8 sì ń tọ́ka sí òkúta dúdú. Bí Zr/Sc bá ń gòkè tí Th/Sc sì dúró sójú kan, zircon ló ń kó jọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti tún yanrìn náà lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àìtó Eu (europium, ọ̀kan nínú ìdílé La), tí Eu/Eu* rẹ̀ (iye tí a rí lórí iye tí a retí) jẹ́ bíi 0.65 nínú ẹrẹ̀ tí ó wọ́pọ̀, ń sọ pé orísun náà jẹ́ òkúta bíi granite, ṣùgbọ́n granite fúnra rẹ̀ ní àìtó yìí, nítorí náà ẹ má fi dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Quartzite kò fún kẹ́míkà láyè púpọ̀, nítorí pé SiO2 ti gbà á tán. Hóró zircon inú rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò: ọjọ́ orí àárín hóró ń sọ ti orísun, ọjọ́ orí etí rẹ̀ sì lè sọ ti ìyípadà.

Mábù Jakura, àti ti Obajana tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ń lò, kò nílò àríyànjiyàn púpọ̀ lórí ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn. Bóyá wọ́n ṣì mú àmì omi òkun àtijọ́ dání ni ìbéèrè tó wà níbẹ̀. Omi òkun ní Y/Ho (iye yttrium lórí holmium) tí ó ju 44 lọ, amọ̀ sì ní bíi 28. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo Al2O3, Zr àti Th: ègé mábù tí wọ́n bá pọ̀ nínú rẹ̀, tí Y/Ho rẹ̀ sì sún mọ́ 28, amọ̀ ló ti dà pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi àwọn yòókù sọ̀rọ̀ nípa òkun náà.