Ọta Tó Yẹ Ehoro: Bí A Ṣe Ń Yan Kátíríìjì àti Ọta Ráífù

Ehoro igbó kì í wúwo. Èyí tó dàgbà dáadáa lápá Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, máa ń tó kílò 1.5 sí 3. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, egungun rẹ̀ kò le. Kò sídìí tí a ó fi gbé ọta ẹtu tàbí ti ìgalà kò ó. Ọta ńlá kì í pọ̀ nínú kátíríìjì kan. Bí wọ́n bá fọ́n, ehoro lè gba àárín wọn kọjá, tàbí kí ẹyọ kan bà á nítan, kó wọ koríko lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ikùn ló bà, ìfun ti fọ́, ẹran ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọta tí yóò pa á lójú ẹsẹ̀, tí ẹran yóò sì ṣì ṣe é jẹ, là ń wá.

Ẹ rántí pé ehoro igbó tiwa kì í gbẹ́ ihò bíi ti èyí tí à ń sìn nílé. Inú ibùba koríko ló ń ba sí lọ́sàn-án, títí ẹsẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kó tó ta jáde. Alẹ́ ló ń wá jẹun lóko ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Èyí tó ń sáré, kátíríìjì ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ló tọ́ sí i. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ nìkan ló ṣe é fi ráífù yìn.

Kátíríìjì

Fún ìbọn géèjì 12 (géèjì ló ń sọ bí inú ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀; ti 20 kéré sí ti 12), ọta nọ́ńbà 5 ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí gbogbo ọta inú kátíríìjì wúwo tó gíráàmù 30 sí 32. Nọ́ńbà 6 tó bí ẹran kò bá jìnnà ju mítà 25 lọ. Nọ́ńbà 4 wúlò lẹ́yìn tí iná bá ti jó igbó lẹ́ẹ̀rùn, tí ojú ilẹ̀ là, tí ehoro sì ń dìde lókèèrè. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ọta ń kéré sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò dọ́gba káàkiri ayé: nọ́ńbà 5 àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 2.8, ìwọ̀n yẹn kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní nọ́ńbà 6. Ẹ ka mílímítà tó wà lára páálí, òun ni kì í yí padà.

Kátíríìjì gíráàmù 32 tó jẹ́ nọ́ńbà 5 Gẹ̀ẹ́sì ní ọta wẹ́wẹ́ bíi 248 nínú. Kí ehoro tó lè kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó yẹ kí bíi 120 nínú wọn bọ́ sínú òbìrí kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 76. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá máa ń kó bíi ọta 60 nínú 100 sínú òbìrí yẹn ní mítà 27; ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 149, ó tó. Ní mítà 36, 40 nínú 100 ló kù: 99 péré, kò tó mọ́. Mítà mẹ́sàn-án ló fa gbogbo ìyẹn. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi máa ń rí irun tó fò láìrí ẹran. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fún dáadáa lè kó 70 nínú 100 ní mítà 36 yẹn, àmọ́ bí ehoro bá ta jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí ẹ sì yìn ín ní mítà 12, kò ní sí ẹran tí ẹ óò gbé relé. Ẹ jẹ́ kó sáré síwájú díẹ̀ ná.

Ẹ dán kátíríìjì wò kí ẹ tó gbé e wọgbó. Ẹ tú àpò sìmẹ́ńtì, ẹ tẹ́ ẹ sí ara òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ga. Ẹ so èédú mọ́ okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 38, ẹ fi yí òbìrí. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti máa ń yìnbọn gan-an, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ka ihò. Ẹ fi àpò tuntun ṣe é nígbà mẹ́ta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tanni jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí tó tóbi tó ara ehoro, ẹ máa fà á kiri inú òbìrí. Bí ẹ bá rí ibi tí kò bo ihò mẹ́rin, ẹ sún mọ́ ọn tàbí kí ẹ pààrọ̀ kátíríìjì.

Gígùn kátíríìjì náà ṣe pàtàkì. Àwọn ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ti mílímítà 65 ni wọ́n ń gbà. Ti 70 yóò wọlé, nítorí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní kíká. Ìgbà tó bá dún tí ẹnu yẹn bá ṣí ni kò ní ráyè, tí agbára inú ọ̀pá ìbọn yóò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Pé ó wọlé kọ́ ni pé ó bá a mu. Ẹ ka ohun tí wọ́n fín sí ara ọ̀pá ìbọn.

Ẹ má ṣe kó géèjì 20 àti 12 sínú àpò kan náà láé. Ti 20 máa ń rọra yọ̀ wọ inú ọ̀pá 12, á há síwájú. Ẹni tó bá rò pé òun kò tíì ki nǹkan kan yóò ki ti 12 tẹ̀lé e, ọ̀pá ìbọn yóò sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ráífù

.22 LR, irú ọta ráífù kékeré kan, ló bá ehoro mu jù. Ọta gíréènì 38 sí 40 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ráífù ṣe wúwo) tí orí rẹ̀ ní ihò ni kí ẹ mú, nítorí ó ń là nínú ẹran, kì í gba inú rẹ̀ kọjá lásán. Èyí tó rọra ń lọ, bíi mítà 320 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kì í dún púpọ̀. Èyí tó yára tó bíi mítà 380 kì í tètè rẹlẹ̀. Ẹ tún ojú ìbọn ṣe kí ọta máa ba ibi tí ẹ fojú sùn gan-an ní mítà 50. Láti ibẹ̀ dé mítà 100, ọta yóò ti rẹlẹ̀ ju ìbú ọwọ́ lọ, ehoro yóò sì gbọ́gbẹ́ lásán. Bí ọta márùn-ún kò bá wọ àyè sẹ̀ǹtímítà 3 ní mítà 50, ẹ gbìyànjú irú mìíràn. Ìbọn kan lè fẹ́ ọta kan kó sì kọ èkejì. Orí ehoro ni kí ẹ fojú sùn.

.17 HMR, irú ọta ráífù mìíràn tó jẹ́ gíréènì 17, ń sáré tó mítà 777 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó gún régé dé nǹkan bíi mítà 130, àmọ́ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń tì í, ó sì máa ń fọ́ ẹran túútúú bí kì í bá ṣe orí ló bà.

Ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olósùnta àti Òròlé, àti níbi gbogbo tí àpáta bá wà, ẹ yẹra fún .22 LR. Ọta rẹ̀ máa ń ta lórí àpáta, lórí ilẹ̀ líle àti lórí omi, ó sì lè lọ ju kìlómítà kan lọ. Bí kò bá sí ebè tàbí òkìtì yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ehoro, ẹ má yìn ín. Lóru, ojú tó ń tàn nínú iná tọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹ̀rí tó: ti ewúrẹ́ ń tàn, ti ajá ọdẹ ẹlòmíràn náà ń tàn. Ẹ dúró títí ẹ óò fi rí etí àti ara.

Bí kátíríìjì bá wú tàbí tí ìdí rẹ̀ dípẹtà nítorí òjò, ẹ má fi tipátipá kì í. Bí ẹ bá fa ìbọn tí kò dún, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ṣí i. Bí ó bá dún “púù” lásán, ẹ ṣí i, ẹ yọ gbogbo kátíríìjì kúrò, ẹ wo inú ọ̀pá láti ìdí. Ìdérí inú kátíríìjì, èyí tó wà láàárín ètù àti ọta, lè ti há síbẹ̀; bí ẹ bá tún yìn ín, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́.

Lábẹ́ Òfin Ìbọn ọdún 1959, ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà fún ìbọn, kí ọta tí ẹ ń rà sì bá irú ìbọn tó wà nínú ìwé yẹn mu. Ẹ má ra kátíríìjì tí ẹnì kan tún kì. Ẹnikẹ́ni kò mọ iye ètù tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kun ẹran, ẹ fi ìka tọ ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Irun tó wọlé ni yóò júwe ibi tí ọta gbà. Ẹ gé ẹran tó dúdú yíká ojú ọgbẹ́ ní fífẹ̀ ìka méjì, ẹ sọ ọ́ nù, má ṣe fún ajá. Òjé ni ọta wọ̀nyí, ó sì léwu jù fún ọmọdé àti aboyún.