Bí A Ṣe Ń Fi Ìmìtìtì Ilẹ̀ Ṣọ́ Òkè Ayọnáyèéfín

Akọ òkúta ni Ìdànrè, kò ní yọ iná, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ òkè Kamẹrúùnù tí kò jìnnà sí wa yọ iná ní 1999, ó tún yọ ọ́ ní 2000. Ó wù mí kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní FUTA mọ iṣẹ́ yìí dunjú.

Ibi tí ẹ máa gbé ẹ̀rọ tó ń kọ ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀ (seismometer) sí ló ṣáájú. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ọba Adésidà l'Ákùúrẹ́, tírélà ló máa máa kọ sílẹ̀ fún yín. Orí àpáta ló yẹ kó wà, kí ẹ bò ó kí atẹ́gùn má mì ín. Ẹyọ kan ò tó: ó kéré tán, kí mẹ́ta yí òkè náà ká.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti mì. Ìgbì méjì ni ìmìtìtì kan máa ń rán jáde, ọ̀kan yára ju èkejì lọ. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín wọn, kí ẹ fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀: ìṣẹ́jú àáyá méjì já sí nǹkan bíi kìlómítà 16 sí ẹ̀rọ náà. Ẹ fi bó ṣe jìnnà tó yẹn fa òbìríkítí yí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ká lórí máàpù. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni ilẹ̀ ti mì.

Irú ìmìtìtì tó jẹ́ gan-an ni kókó, ẹ má kàn ka iye rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ìlà tí ẹ̀rọ fà há mọ́ra, àpáta ló ń sán. Èyí tó rọra bẹ̀rẹ̀, tí ìlà rẹ̀ fẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tàbí àpáta yíyọ́ ló ń wá ọ̀nà gba inú ilẹ̀. Ẹ̀kẹta kì í dáwọ́ dúró, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ata fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń gòkè bọ̀ látinú ilẹ̀, tí èkejì sì wá ń pọ̀ sí i, ẹ tètè kéde.

Ẹni tí ẹ máa pè, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ní òkè Pinatubo ní Philippines, wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ ní April 1991. Kí òkè náà tó bú ní June 15, wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò. Ẹ̀rọ wà ní òkè Nevado del Ruiz ní Kòlóńbíà náà ní 1985, ṣùgbọ́n wọn ò kó àwọn ará Armero kúrò. Ẹrẹ̀ tó ṣàn látorí òkè náà gbé ìlú náà lọ, èèyàn tó lé ní 20,000 kú.

Ẹ lè fi ti Kilauea, òkè ayọnáyèéfín kan ní Hawaii, kọ́ṣẹ́ láti Àkúrẹ́. Ọ̀fẹ́ ni USGS, àjọ ìmọ̀ ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà, ń gbé àwòrán ìmìtìtì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, bá wà lára rẹ̀, ẹ fi wákàtí kan kún un kó tó bá tiwa mu. Ẹ tẹ ti ọjọ́ kan jáde, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.