Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé gbèsè nítorí Golf GTI àlòkù

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan wa Golf GTI funfun wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Old Kent Road. Mọ́tò náà ń dán, ìjókòó rẹ̀ onílà pupa-àti-dúdú yẹn ṣì mọ́ tónítóní. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ rà á.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á. Mo sáìnì lánàá. £248 péré ni lóṣù."

"Péré" yẹn ló bí mi nínú. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun kan náà ni mò ń rí. Àwọn ọmọ wa á ti ilé dé, wọ́n á ṣiṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì, ojú wọn á wá wọ mọ́tò kékeré tó ń sáré: Golf GTI, Fiesta ST, Civic Type R. Wọ́n á yá owó rà á, wọ́n á sì gbé e wá fún mi lẹ́yìn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé. Kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò nígbà náà? Ẹ gbé mẹkáníìkì dání kí ẹ tó sanwó. Kò sí iye tí mẹkáníìkì máa gbà tó tó owó ẹ́ńjìnnì.

N kò ní kí ẹ má rà á o. Èmi náà fẹ́ràn wọn. Ohun tí mò ń bá yín jà sí ni bí ẹ ṣe ń rà á.

1. Wíwo owó oṣù, kí ẹ má wo àpapọ̀ owó

Ohun tí ọlọ́jà mọ́tò sábà máa ń kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Èló lẹ lè san lóṣù?" Ẹ má dá a lóhùn. Tí ẹ bá ti dárúkọ iye kan, ẹ ti fa iṣu àti ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Iye yòówù kí ẹ pè, á débẹ̀: á fa ọdún gùn, tàbí kó ti apá kan gbèsè náà síwájú títí di ìparí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní £14,000 ni mọ́tò, ẹ san £1,500 sílẹ̀, ẹ yá £12,500 tó kù, APR (èlé ọdún kan pẹ̀lú owó mìíràn tó bá ẹ̀yáwó náà rìn) 13.9%, irú èyí tí mo máa ń rí lórí ìwé àwọn tó ń wá bá mi. Tí ẹ bá gba HP (hire purchase, tí ẹ óò máa san gbogbo gbèsè díẹ̀díẹ̀ títí mọ́tò á fi di tiyín) ọdún mẹ́rin, ẹ óò máa san nǹkan bíi £336 lóṣù, èlé rẹ̀ á sì jẹ́ bíi £3,620. Tí ẹ bá fà á dé ọdún márùn-ún, owó oṣù á wálẹ̀ sí £285, inú yín á dùn, èlé á sì gòkè dé £4,600. Tó bá wá jẹ́ PCP (ẹ̀yáwó tí apá ńlá gbèsè rẹ̀ ń dúró di ìparí, kí ẹ san án tàbí kí ẹ dá mọ́tò padà) ọdún mẹ́rin, tí wọ́n fi £5,500 sílẹ̀ di ọjọ́ ìkẹyìn, £248 ni owó oṣù. Èlé? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £4,910. Mọ́tò kan náà, ẹ̀yáwó kan náà. Èyí tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù lọ ló wọ́n jù lọ.

£248 yẹn gan-an ni ọmọkùnrin yìí sáìnì. Mo bi í nípa £5,500 tó wà ní ìparí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé "ìyẹn ṣì jìnnà." Báwo ni gbèsè ṣe ń jìnnà? Ọdún mẹ́rin ni. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ lónìí kò ní tíì wọ iléèwé nígbà yẹn.

Mi ò ní parọ́ mọ́ PCP. Ó ní àǹfààní kan: tí iye mọ́tò bá já wálẹ̀ ju owó ìkẹyìn lọ, ẹ lè dá a padà, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ti kọ iye máìlì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dún, gbogbo máìlì tó bá lé lẹ óò sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìdápadà. Wọ́n á tún wo ara ọkọ̀, wọ́n á wo ríìmù. Ta ló ń ra GTI tí kì í fi ríìmù ha etí títì? Ẹni tó bá sì ti yọ ẹ̀gísọ́ọ̀sì rẹ̀, tó ti rẹ mọ́tò sílẹ̀, ó ti ba ọ̀nà ìdápadà náà jẹ́ mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò débi tí ẹ óò fi máa tún ara rẹ̀ ṣe, PCP kò bá yín mu. HP ni kí ẹ lọ bá, tàbí ẹ̀yáwó lásán láti báǹkì.

2. Gbígbà pé 7% jẹ́ 7%

Tí ọlọ́jà bá ní "7% flat," ẹ béèrè APR. Orí gbogbo owó tí ẹ yá níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ka flat lé títí dé òpin, bí ẹ tilẹ̀ ti san ìdajì rẹ̀. Fún ọdún mẹ́rin, 7% flat jẹ́ APR 13% ó lé. APR nìkan ni kí ẹ fi wé ara wọn.

3. Wíwá ìnṣọ́ránsì lẹ́yìn tí ọwọ́ ti bọ ìwé

Ìsọ̀rí 1 sí 50 ni wọ́n pín irú àwọn mọ́tò àlòkù wọ̀nyí sí fún ìnṣọ́ránsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò tó ń sáré kì í sì í sí nísàlẹ̀. Láìsẹ́nsì Nàìjíríà lè gbé yín fún oṣù 12 péré láti ìgbà tí ẹ bá ti di olùgbé ibí, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò tiwọn. Ogún ọdún tí ẹ fi wakọ̀ ní Ìbàdàn láìgbá ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì níhìn-ín ni kì í kà á mọ́ yín lára.

Arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ra Fiesta ST. Ọlọ́jà sọ fún un pé Ford ti dẹ́kun ṣíṣe Fiesta láti 2023, nítorí náà iye rẹ̀ kò ní já. Ó sáìnì, ó wá lọ wá ìnṣọ́ránsì. £3,400 lọ́dún ni iye tó kéré jù tí wọ́n pè fún un. Oṣù mẹ́ta ni mọ́tò náà fi jókòó sínú ọgbà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń san gbèsè rẹ̀, tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ó sunkún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù ni wọ́n fi ń béèrè iye ìnṣọ́ránsì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ má sì ní kí bùọ̀dá tó ti pẹ́ nílùú fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ìnṣọ́ránsì bí ẹni tó ń wa mọ́tò náà jù nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ óò máa wà á. Jìbìtì ni lábẹ́ òfin. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó, gbèsè á sì dúró.

Kí ẹ yẹ ìwé MOT mọ́tò náà (àyẹ̀wò ọdọọdún tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe) wò lórí GOV.UK. Nọ́ńbà mọ́tò nìkan lẹ nílò, kò gba kọ́bọ̀.

Category S, Category N: mọ́tò tí ìnṣọ́ránsì ti kọ̀ sílẹ̀ rí ni. Ẹ bi ọlọ́jà léèrè, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Àwọn tó ń ro pé tí orúkọ wọn bá ti wà lórí V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò), àwọn ló ni mọ́tò: ìwé náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni ín. Títí tí ẹ óò fi san owó ìkẹyìn lórí HP tàbí PCP, ilé-iṣẹ́ tó yá yín lówó ló ni ín. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń ronú àtifi mọ́tò onígbèsè ránṣẹ́ sí Apapa. Ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Àìbìkítà fún iṣẹ́ tó ti yẹ kí wọ́n ṣe. Èyí ló mú èmi fúnra mi. Ní 2011, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni mí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo yá owó ọdún márùn-ún ra Golf GTI Mk5 (ìran karùn-ún rẹ̀). Mo mọ ibi tó yẹ kí n wò, n kò wò ó, nítorí ọkàn mi ti lọ. Kò sí ìwé kankan pé wọ́n ti pààrọ̀ timing belt rẹ̀ rí, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti pístìn ẹ́ńjìnnì máa bá ara wọn rìn. Nígbà tí mo lò ó di oṣù mẹ́sàn-án, ó já lórí òpópónà M25, àwọn fáàfù tẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Oṣù 51 ló kù tí mo ṣì fi san gbèsè náà. Ìyàwó mi lóyún nígbà yẹn, owó tó yẹ ká fi gba ilé ńlá ló bá a lọ. Nítorí náà, tí mo bá ń pariwo lé yín lórí, ẹ mọ ibi tó ti ń dùn mí. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń lo timing belt, bíi ti Mk5, ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Tó bá jẹ́ gíà DSG (ọtomátíìkì Volkswagen) onípele mẹ́fà, ẹ béèrè ìwé òróró rẹ̀, gbogbo 40,000 máìlì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Lára Mk7, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ibi tí water pump (ẹ̀rọ tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká) wà, ó máa ń jò.

Tó bá jẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà lẹ ti rà á, tí àléébù ńlá sì yọ láàárín 30 ọjọ́, Consumer Rights Act 2015 fún yín láyè láti dá a padà. Lórí HP àti PCP, ilé-iṣẹ́ ẹ̀yáwó gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí, òun ló tà á fún yín lójú òfin.

Ẹ tún fi àjọ ṣe nǹkan. Àwọn ìyá wa ń dá àjọ ní Peckham, ó ń lọ geere. Tí ẹ bá gba àjọ yín, tí ẹ fi £4,000 sílẹ̀ dípò £1,500 lórí mọ́tò £14,000 yẹn, èlé HP ọdún mẹ́rin á wálẹ̀ láti £3,620 sí bíi £2,900.

Ẹni tó bá sì ti há sínú HP tàbí PCP, òfin Consumer Credit Act 1974 ní tí ẹ bá ti san ìdajì àpapọ̀ owó, ẹ lè dá mọ́tò padà kí ẹ sì bọ́. Owó àsansílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lórí HP £336 yẹn, oṣù 22 lẹ óò débẹ̀. Lórí PCP £248, oṣù 33, nítorí pé wọ́n ka £5,500 ìparí mọ́ ọn.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọkùnrin GTI funfun náà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Mo wá ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Ó ní ọjọ́ 14 láti jáwọ́ nínú àdéhùn ẹ̀yáwó náà. Mọ́tò á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ san owó náà padà láàárín 30 ọjọ́, ìyẹn ni pé kó wá ẹ̀yáwó tó dín owó. Ní Wẹ́sídeè, báǹkì rẹ̀ fún un ní 8.9% fún ọdún mẹ́rin. £308 lóṣù, èlé bíi £2,300, kò sí owó ìkẹyìn, mọ́tò á sì di tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A ti jọ kọ lẹ́tà ìjáwọ́ náà. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ.