Ẹ má sanwó PrEP tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń wá a ní Amẹ́ríkà

PrEP ni oògùn tí ẹni tí kò ní kòkòrò HIV ń lò kó má baà kó o. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà mú owó lápò ẹni: oògùn fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti owó tí ilé ìwòsàn ń gbà kí dókítà tó kọ ọ́. Oògùn nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní Houston, Maryland tàbí Chicago ń wá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á rí i gbà, inú wọn á dùn, títí bíìlì láàbù á fi wọlé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo kì í sábà bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí náà, ẹ máa béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí iye tí wọ́n pè má lé yín sá

Ẹlòmíì á gbọ́ pé oògùn oṣù kan ń lọ sí nǹkan bíi 2,000 dọ́là, á sì yí ẹ̀yìn padà. Iye Truvada nìyẹn, orúkọ tí iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe oògùn náà ń tà á. Láti 2021 ni iléeṣẹ́ tó pọ̀ ti ń ṣe irú rẹ̀ gan-an: emtricitabine miligíráàmù 200 àti tenofovir disoproxil fumarate miligíráàmù 300 nínú hóró kan, hóró 30 nínú ìgò. Bí ẹ bá ní káàdì ẹ̀dínwó, èyí kì í sábà tó 50 dọ́là lóṣù. Orúkọ oògùn yìí ni kí dókítà kọ. Bó bá kọ Truvada tó sì fi kún un pé wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ó ti de apoògùn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ má sì gba ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò fọwọ́ sí Descovy, hóró PrEP míì, fún ẹni tó jẹ́ pé ojú ara obìnrin ni kòkòrò náà lè gbà wọlé sí i lára.

Ẹ má yára san bíìlì bí ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù nìyí. Láti 2019 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ USPSTF ti fún PrEP ní ipò A, ìyẹn àmọ̀ràn tó lágbára jù, òfin sì sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láti san owó oògùn, àyẹ̀wò àti rírí dókítà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òfin náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Kí ló wá dé tí bíìlì ṣì ń wá? Kóòdù ni, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn fi ń sọ irú ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún ìnṣọ́ránsì. Bí akọ̀wé ilé ìwòsàn bá kọ àyẹ̀wò yín bíi ti aláìsàn, ìnṣọ́ránsì á ní kí ẹ san tiyín. Ẹ pe ẹ̀ka tó ń gba owó, ẹ bi wọ́n bóyá Z29.81 (kóòdù PrEP) àti àmì 33 (àmì ìtọ́jú ìdènà àrùn) wà lórí ìwé náà. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Bí ìnṣọ́ránsì bá ṣì kọ̀, ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dọ̀ wọn.

Òfin yìí kò de ìnṣọ́ránsì olóṣù díẹ̀, kò sì de ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń dáwó ìtọ́jú fún ara wọn, èyí tí àwọn èèyàn wa kan gbà pé ìnṣọ́ránsì ni.

Ohun tó wà ní New York lè má sí ní Texas

Ní Florida, ọ́fíìsì ìlera káńtì ń fúnni ní PrEP lọ́fẹ̀ẹ́. PrEP-AP, ètò ìrànlọ́wọ́ PrEP ti ìpínlẹ̀ New York, ń san owó dókítà àti àyẹ̀wò, kò san owó oògùn; ẹ ní láti wá ìyẹn lọ́dọ̀ ètò iléeṣẹ́ tó ṣe é. Texas kò fẹ Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré, lójú, torí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó kékeré tí kò lọ́mọ á kàn fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣòfò bó bá lọ béèrè rẹ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń tì lẹ́yìn, tí wọ́n ti ń wo owó tó ń wọlé fúnni kí wọ́n tó bu owó léni. Ẹ ó rí wọn lórí locator.hiv.gov.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rí àdírẹ́sì àti ìwé owó iṣẹ́ dání. Ẹni tí wọ́n ń fi kéèṣì sanwó iṣẹ́ fún lè gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí owó kankan kò wọlé fún, kó kọ 0. Àlàfo òfìfo ló ń dá fọ́ọ̀mù padà. Fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ oògùn ní apá tí dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, èyí sì ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, PrEP kọ́ ni ẹ ń wá

Bí kọ́ńdọ́ọ̀mù bá ya lálẹ́ àná, fọ́ọ̀mù kọ́ ló kàn. PEP ni, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn tí èèyàn bá ti ṣe ohun tó lè fi kó HIV. Láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ẹ gba ilé ìwòsàn pàjáwìrì lọ. PrEP kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà: tó bá jẹ́ ìbálòpọ̀ láti ìdí, nǹkan bí ọjọ́ 7 ni ààbò ń gbà kó tó péye fún ẹni tó ń gbà á, láti ojú ara, nǹkan bí ọjọ́ 21.

Ẹ má fo àyẹ̀wò olóṣù mẹ́tamẹ́ta nítorí owó. Ẹni tó bá ti kó HIV láìmọ̀ tó ṣì ń lo oògùn méjì inú hóró yìí nìkan ń kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe borí oògùn ni. Bákan náà ni ẹ má bu hóró fún ọ̀rẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n yẹ kíndìnrín àti hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ kan, wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Hepatitis B pọ̀ láàárín àwọn tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá, oògùn yìí sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ìgò bá tán tí ẹ kàn dáwọ́ dúró, ó lè ru sókè kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 26 lè wà lórí ìnṣọ́ránsì òbí, orúkọ òbí ni lẹ́tà tó ń sọ ohun tí wọ́n san sì ń bá wá sílé. Màmá ló máa já a. Kí ẹ tó lo káàdì náà rárá, ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n máa fi lẹ́tà tiyín ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì míì tàbí ímeèlì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bi kílíníìkì àrùn ìbálòpọ̀ ti káńtì bóyá wọ́n lè tọ́jú yín láìkọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì.